Kànga ẹ̀rọ Ọnárébù ò pọnmi mọ́: ilẹ̀kùn ta la fẹ́ kàn?

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mi ò ní dárúkọ ìlú, mi ò sì ní dárúkọ aṣòfin, torí pé ìjà kọ́ ni mo bá wá.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Táǹkì méjì wà lórí irin, sólà mẹ́rin, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́fà. Wọ́n ri pátákó mọ́ iwájú rẹ̀. Àwòrán Ọnárébù wa tó ń ṣojú wa l'Ábújà gba ìdajì pátákó náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, a lù, a jó, ìyá mi tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún náà bu omi ibẹ̀ mu. Ọjọ́ mọ́kànlá péré ló fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejìlá ó húkọ́, ó tu ẹrẹ̀ díẹ̀ jáde, ó dákẹ́. Bó ṣe wà nìyẹn títí dòní.

Ìwé mẹ́ta la ti kọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó wà nílé. Fún àkọ́kọ́, wọ́n ní Ọnárébù wà l'Ábújà. Fún ìkejì, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ẹ̀kẹta, ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi fi ń fẹ́ ara rẹ̀ níṣojú mi.

Àwọn àgbà àdúgbò ní ká má mú un bínú, pé orúkọ àwọn ọmọ wa wà nínú ìwé àwọn tó fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ Màrúwà. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn fẹ́ wó pátákó yẹn. Èmi wà láàárín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí irú èyí rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ wó pátákó, kẹ́ ẹ ya fídíò rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sórí Facebook. Kí ilẹ̀ ó tó ṣú wọ́n á ti pè yín. 2027 ò jìnnà mọ́, ojú ń ti olóṣèlú lásìkò ìbò nìkan.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àbúrò mi, pátákó kọ́ ló jẹ wọ́n ní gbèsè. Bí wọ́n bá wó o, ọlọ́pàá ló máa kọ́kọ́ dé, omi ò ní dé.

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, iṣẹ́ wo gan-an la rán ẹni yìí? Àwọn 360 ló wà nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, 109 nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà. A rán wọn lọ ṣòfin, a rán wọn lọ yẹ ìṣúná wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, a sì ní kí wọ́n máa tọ pinpin bí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń ná owó náà. Ẹ̀ka 88 nínú ìwé òfin 1999 ló fún wọn lágbára ìtọpinpin yẹn. Mo ti ka ìwé òfin náà látòkè délẹ̀, mi ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí aṣòfin gbẹ́ kànga tàbí kó pín kẹ̀kẹ́. Àwa la sọ ọ́ di iṣẹ́ wọn. Nígbà tí aṣòfin bá ti wá sọ ara rẹ̀ di agbẹ́kànga, ta ló máa tọ pinpin agbẹ́kànga?

Ìyá Ìbejì Alágbàdo

Tíṣà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹni tébi ń pa kì í gbọ́ ẹ̀ka 88. Èmi gba nǹkan lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀ wa rí, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kó wa sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n fún wa ní fìlà, wọ́n fún wa ní ìrẹsì, ọ̀gá kan ń fi òyìnbó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú owó. Nígbà tó yá wọ́n pè mí jáde, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìlọta fún mi, kámẹ́rà ń ṣẹ́jú wàìwàì. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé orí ẹ̀rọ nìkan ni. Kò sí ẹ́ńjìnnì.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà mo kó èésú mi, mo fi ra ẹ́ńjìnnì àlòkù. Ẹ̀rọ yẹn ló ń rán àwọn ìbejì mi nílé ìwé di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà, ẹ má bú ìrónilágbára níwájú mi. Ẹ má sì yìn ín jù.

Olùrànlọ́wọ́ Tẹ́lẹ̀

Mo bá aṣòfin kan ṣiṣẹ́ fọ́dún mẹ́rin ní ọ́fíìsì rẹ̀ nílé. Kì í ṣe tiyín o, Akọ̀wé, ẹ má fura sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé yẹn ṣe rí láti inú.

Aago méje àárọ̀, bẹ́ǹṣì ti kún. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ wà ní ọsibítù, ẹni tó fẹ́ sìnkú bàbá rẹ̀, ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ìdánwò, ẹni tó fẹ́ kí Ọnárébù bá òun wá iṣẹ́ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Èmi ni mò ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Oṣù mẹ́ta, ìwé náà kún, kò sẹ́ni kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó béèrè pé òfin wo ni ọ̀gá gbé síwájú Ilé. Ọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan pé ìyàwó òun bí ìbẹta, ọ̀gá fún un lówó. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, bàbá ìbẹta mẹ́rin míì ti dé. Ìlú wa ò bí ìbẹta tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ wá gbọ́ ti kànga yín. Iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn là ń pe irú rẹ̀. Ètò náà ti wà láti ayé Ọbásanjọ́, ₦100 bílíọ̀nù ni wọ́n sì ń yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Aṣòfin á kọ ohun tó fẹ́ àti ìlú tó fẹ́ ẹ sí. Wọ́n á fi sínú ìṣúná lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Iléeṣẹ́ yẹn ló ń polówó iṣẹ́, òun ló ń yan agbaṣẹ́ṣe, òun ló ń sanwó. Owó náà kì í wọ àpò aṣòfin. Ẹ̀yin ń kọ̀wé sí ẹni tí pátákó gbé àwòrán rẹ̀, ẹni tó sanwó wà níbòmíì, kò tiẹ̀ mọ̀ pé omi ò yọ.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ̀gbọ́n, "kì í wọ àpò aṣòfin". Lórí ìwé ni àbí lórí ilẹ̀? Ta ló ń mú agbaṣẹ́ṣe wá fún iléeṣẹ́ yẹn? Ẹ dáhùn tọkàntọkàn.

Olùrànlọ́wọ́ Tẹ́lẹ̀

O mú mi. Lórí ìwé ni. Òfin ìrajà ìjọba ti 2007 ní kí wọ́n polówó iṣẹ́ kí ẹni tó bá kún ojú òṣùwọ̀n sì gbà á. Ṣùgbọ́n mo ti rí ibi tí ìpè ti wọlé láti ọ́fíìsì wa pé "àwọn ọmọ wa ni kẹ́ ẹ fún". Síbẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ ló wà lórí ìwé owó, òun ni òfin mú. Ibẹ̀ ni mo ń wí pé kí wọ́n lọ.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ẹ rántí pé Ààrẹ Buhari fúnra rẹ̀ sọ lóṣù kọkànlá 2019 pé tírílíọ̀nù kan náírà ti lọ sórí àwọn iṣẹ́ àkànṣe yìí láàárín ọdún mẹ́wàá, aráàlú ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí àǹfààní rẹ̀. Ọdún yẹn náà ni ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, gbé ikọ̀ kan dìde láti máa tẹ̀ lé iṣẹ́ wọ̀nyí kiri. Akọ̀wé, ẹ kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú, tí iléeṣẹ́ bá kọ̀ láti dáhùn.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ ṣeun gan-an. Báwo wá ni mo ṣe fẹ́ mọ iléeṣẹ́ wo? Pátákó ò dárúkọ ẹnì kankan yàtọ̀ sí Ọnárébù.

Olùrànlọ́wọ́ Tẹ́lẹ̀

Ìwé ìṣúná wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojúlé ọ́fíìsì ìṣúná ìjọba àpapọ̀, ẹnikẹ́ni ló lè wà á jáde. Ó gùn gan-an, ẹ má kà á tán. Ẹ tẹ orúkọ ìlú yín sínú àpótí ìwákiri. Tí kò bá yọ, ẹ tẹ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Tí ìyẹn náà ò bá yọ, ẹ máa ṣì í kọ bí àwọn ará Àbújà ṣe lè ṣì í kọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pe Ìkirè ní Ìkìrun. Ẹ wo ìṣúná ọdún tó ṣáájú náà, torí iṣẹ́ máa ń fò láti ọdún kan sí èkejì. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Tracka, lábẹ́ BudgIT, ẹgbẹ́ aládàáni tó ń tọ pinpin owó ìjọba, náà máa ń to iṣẹ́ wọ̀nyí sílẹ̀ ní ìlú sí ìlú, wọ́n sì máa ń rán ènìyàn wá wò ó.

Tí ẹ bá ti rí orúkọ iléeṣẹ́, ẹ kọ lẹ́tà lábẹ́ Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: ta lẹ gbé iṣẹ́ fún, èló lẹ san, ìwé tó ní iṣẹ́ ti parí dà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Kò sì pọn dandan kẹ́ ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń béèrè. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp o. Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ni. Ẹ ti rí i.

Agbẹ́kànga Ọmọ Ẹdẹ

Iṣẹ́ ọwọ́ mi lẹ dé yìí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹ fi òṣèlú sílẹ̀ ná, ẹ lọ wọn kànga yẹn.

Ilẹ̀ Ọ̀ṣun, àpáta ló wà nísàlẹ̀. Omi ò tẹ́ rẹrẹ bíi ti Èkó, inú lílà àpáta ló ń sá pamọ́ sí. Ó yẹ kí agbaṣẹ́ṣe kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, kó tó mọ ibi tí yóò lu. Tó bá gbẹ́ ẹ tán, ó yẹ kó fa omi náà fún wákàtí púpọ̀ láìdúró, kó lè mọ̀ bóyá kànga ń rí omi dá padà. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe é. Oṣù kẹjọ tí òjò kún ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, omi òkè ilẹ̀ lẹ rí mu lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i. Èyí tó tutọ́ ẹrẹ̀ lọ́jọ́ kejìlá yẹn, ó jọ pé súmò, ẹ̀rọ tó ń fa omi nínú kànga, ti fa omi tán, ó ń fa ẹrẹ̀, ó sì jóná. Ká ní wọ́n fi ohun tó ń pa á fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá tán sí i, kì bá tí jóná.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí. Ẹ tú ìdérí, ẹ fa súmò jáde (ẹ pe oníṣẹ́ o, kí wáyà má gbé yín). Ẹ so irin wúwo kan mọ́ okùn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ títí tí okùn á fi dẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn okùn náà. Mo ti rí èyí tí ìwé ní mítà 60, okùn ò lọ ju 31. Mítà 29 yẹn, owó ni, ẹnì kan ló sì jẹ ẹ́. Tí ẹ bá ní òǹkà yẹn lọ́wọ́, ẹ ò nílò àtipariwo.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà

Ẹ wọn kànga, ẹ kọ lẹ́tà, ọdún mẹ́rin á ti pé. Ẹ pe ẹni náà padà wálé! Òfin gbà wá láyè.

Ọmọ Okùn

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ṣé o ti bá wọn ṣe é rí? Ìwọ̀-oòrùn Kogi ni mo ti wá, a gbìyànjú rẹ̀ lórí Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye láti 2017. Ẹ̀ka 69 ló wà fún un: ó ju ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún ìbò ní ẹkùn náà lọ tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé. Kì í ṣe ìdajì àwọn tó dìbò o, ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, tòun tẹni tó ti ṣí lọ sí Èkó, tòun tẹni tó ti kú tí wọn ò yọ orúkọ rẹ̀. INEC, àjọ elétò ìdìbò, á wá jókòó ní ibùdó ìbò, kí olúkúlùkù wá fojú hàn pé òun lòun fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin 2018 ni wọ́n wá. Wọ́n ní èèyàn tó lé ní 189,000 ló fọwọ́ sí i. Àwọn tó wá fojú hàn tí INEC sì rí i pé òótọ́ ni wọ́n fọwọ́ sí i kò pé 19,000. Níbi tí mo jókòó sí, àwọn òṣìṣẹ́ INEC ń ta ayò nígbà tó fi máa di ọ̀sán. Bó ṣe parí nìyẹn.

Lọ́dún 2025 wọ́n tún gbé ti Àárín Gbùngbùn Kogi wá, lórí Sẹ́nétọ̀ Natasha Akpoti-Uduaghan. Ìwé tiwọn kò tó ìdajì rárá, ìdá mẹ́tàlélógójì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni, INEC ní kò kún ojú òṣùwọ̀n. Mi ò sọ pé ó yẹ ká pe ẹnikẹ́ni nínú wọn padà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ míì. Mo kàn ń sọ pé ọ̀nà yẹn, ògiri ni wọ́n kùn bí ilẹ̀kùn.

Láwúyì Òkè Òkun

Ẹ kú ilé o. Lọ́dọ̀ wa ní London, aṣòfin máa ń jókòó ní ilé ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ Ẹtì tàbí Sátidé, kí aráàlú wá bá a. Ilé ìjọba tí mò ń gbé ń rà, ara ògiri dúdú, ọmọ mi ń húkọ́. Mo lọ bá a. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni, kò fún mi ní kọ́bọ̀, mi ò sì béèrè. Ó kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n wá tún ògiri ṣe.

Ní ti ìpèpadà, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ló tó níbí láti sọ àga di òfìfo, àmọ́ ó ní irú ohun tí aṣòfin náà gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ ṣe, bíi kó dá ẹ̀ṣẹ̀ tó gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ẹni àkọ́kọ́ tó pàdánù àga rẹ̀ bẹ́ẹ̀, Fiona Onasanya ti Peterborough ni, ní 2019. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná. Ìdá 27 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò ibẹ̀ ló fọwọ́ sí i.

Ìyá Ìbejì Alágbàdo

Láwúyì, ọmọ mi, ìjọba ìbílẹ̀ tó gba lẹ́tà tó sì wá tún ògiri ṣe, tiwa dà? Níbi tí káńsẹ́lọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ni aṣòfin ti lè máa kọ lẹ́tà lásán.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ pa mí lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ni. Kànga àdúgbò, iṣẹ́ káńsù ni, kò yẹ kó dé Àbújà rárá. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù ti dájọ́ lóṣù keje 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà, a sì ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká gba ìjókòó yẹn lọ́wọ́ Láwúyì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀ ni Ilé sábà máa ń jókòó, òfin sì ní kó má dín ní ọjọ́ 181 lọ́dún. Ààyè wà fún ẹni tó bá fẹ́ wálé. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀wé pe Ọnárébù sí ìpàdé, kí wọ́n fi ọjọ́ Sátidé sí i, kí wọ́n sì fi ìbéèrè ránṣẹ́ ṣáájú. Ẹ má se ìrẹsì. Tí ẹ bá se ìrẹsì, ó di àríyá, kò sẹ́ni tó máa béèrè nǹkan.

Olùrànlọ́wọ́ Tẹ́lẹ̀

Mo ta ko Tíṣà lórí ìrẹsì. Ìpàdé tí kò ní oúnjẹ, èèyàn mẹ́tàlá ló wá sí tiwa, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gá.

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Márùn-ún yòókù tó fún mi.

Akọ̀wé Àdúgbò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

A rí i! Wọ́n fi lẹ́tà kan dín orúkọ ìlú wa, ó wá di orúkọ tí kò sí níbì kankan láyé. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ló ni iṣẹ́ náà, ọ̀nà rẹ̀ ò ju wákàtí mẹ́ta lọ sọ́dọ̀ wa. Èmi àti akápò la gbé lẹ́tà lọ. Akọ̀wé tó gbà á wò wá lókè nílẹ̀, ó ní ta ló rán wa. Mo ní òfin 2011 ló rán wa. Ó lu òǹtẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n pè. Ẹnjiníà méjì wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ká tó ṣe bẹ́ẹ̀, a ti ṣe bí Agbẹ́kànga ṣe wí, a ti sọ okùn kalẹ̀ lójú àwọn àgbà: mítà 34. Ìwé ọwọ́ ẹnjiníà ní 60. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó wo ojú wa, kò sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ọ́fíìsì Ọnárébù pè mí, ọmọkùnrin tó fi lẹ́tà mi fẹ́ra ni, ó ń pè mí ní "Dádì". Ó ní ọ̀gá ò gbọ́ nípa ọ̀rọ̀ náà rí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, mi ò mọ̀.

Ó tún ní orúkọ àwọn ọmọ wa ṣì wà nínú ìwé kẹ̀kẹ́, kí n sọ fún àwọn àgbà. Mo tún ní kí Ọnárébù wá bá wa jókòó lọ́jọ́ Sátidé, a ò ní se ìrẹsì (Tíṣà, ẹ gbọ́ o), a máa ro ẹ̀kọ.

Agbaṣẹ́ṣe ti gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ padà wá láàárọ̀ yìí, pé òun fẹ́ gbẹ́ ẹ jìn sí i. Àmọ́ a ti fi géètì sí ibẹ̀ látìgbà táwọn kan fẹ́ jí sólà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Bàbá alága, Bàbá alága sì wà n'Íbàdàn níbi ìsọmọlórúkọ. Mo ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ̀rọ wà lójú títì, awakọ̀ rẹ̀ ń jẹ àgbàdo sísè, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń wo àgádágodo náà bíi pé òun ló jẹ mítà 26.